Àmín Tí Kékeré Ṣe

Kékeré, ti ilẹ̀kùn yẹn, kí o wá jókòó. Fi báàgì ẹ sílẹ̀ ná, ọkọ̀ tó fẹ́ gbé ọ lọ kò tíì dé. Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì, ẹ jókòó síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ẹ má sì já lu ọ̀rọ̀ mi títí màá fi sọ ọ́ tán. Ohun kan wà nínú mi tó ti pẹ́ débi pé ó ti kẹ̀, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ ilẹ̀. Dókítà ti bá mi sọ òótọ́ nípa ọkàn mi, ó ní kí n máa tún ilé mi ṣe. Ilé wo ni mo fẹ́ tún ṣe bí kò ṣe ibi tí mo ti fọwọ́ ara mi bà á jẹ́? Lánàá, Kékeré, nígbà tí ò ń fi ìpara ra ẹsẹ̀ mi, o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ohun kan ṣoṣo tó ń tù mí nínú lórí ọ̀rọ̀ Màmá ni pé wọ́n súre fún mi kí n tó lọ." Mo dijú. O rò pé mo ti sùn, o fa aṣọ bò mí, o rọra jáde. Kò sí oorun kankan lójú mi. Ọ̀rọ̀ tó ń tù ọ́ nínú yẹn gan-an ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ lónìí, mo sì mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí màá jà ọ́ lólè.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kò sí nílé nígbà náà, iléèwé lẹ wà. Rọpárọsẹ̀ ló kọlu màmá wa. Ó mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì kó ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lọ. Ìyá tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ní yàrá, ẹni tó ń kọjá lójú títì á ti máa dáhùn. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló ṣẹ́ kù: omi, rárá, yún, àti Kékeré. Kò sí Àgbà níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí àbúrò mi ni wọ́n ti sọ èmi di Àgbà, tí wọ́n sọ òun di Kékeré, bàtà méjì tí wọ́n jọ ń tò sí ẹnu ọ̀nà. Àrùn wá dé, ó mú ẹsẹ̀ bàtà kan, ó fi ìkejì sílẹ̀. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni àrùn náà ṣe ń ṣe, pé ọ̀rọ̀ tó bá wù ú ló ń mú, pé kò kan ìfẹ́ rárá. Mo ní mo ti gbọ́. Irọ́ ni mo pa, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n. Èmi ni mò ń yí wọn sí ọ̀tún yí wọn sí òsì kí ẹ̀yìn wọn má bàa bó. Tí mo bá fi ṣíbí bu oúnjẹ sí wọn lẹ́nu tán, tí mo nu àgbọ̀n wọn, wọ́n á tẹjú mọ́ mi, wọ́n á ní, "Kékeré." Kékeré tó wà ní ìlú tó jìnnà, tó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ níléèwé tí àwọn ọmọ ti ń gbé inú ẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá ń gbé. Mo ti ṣípá títí, apá fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ lára mi.

Ọ̀rọ̀ "yún" tí mo kà mọ́ ọn yẹn, ẹ fi í sọ́kàn. Nígbà tí ẹnu màmá wa ṣì dá, kò sí ẹni tó máa jáde nílé, ìbáà ṣe ìdí ẹ̀rọ omi ló ń lọ, tí wọn ò ní fi àdúrà sìn ín: "Àyúnlọ, àyúnbọ̀ ni ọwọ́ ń yún ẹnu. Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire." Àrùn jẹ àdúrà náà ku egungun. Tí wọ́n bá ti rí ẹni tó gbé báàgì, wọ́n á gbé ọwọ́ òsì tó ṣì yè sókè díẹ̀, wọ́n á ní, "Yún, yún," ẹni náà á sì ṣe àmín. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Kékeré gba ìsinmi níbi iṣẹ́, tó wá bá wa, tó mú abo ajá pupa kan dání tí ikùn ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Inú sítọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ló bímọ sí. Ojú kì í rí arẹwà kó má kí i, ká sòótọ́, àwọn ọmọ ajá yẹn rẹwà. Mo wà nídìí maṣíìnì mi níwájú ilé, mò ń rán aṣọ oníbàárà, ni mo gbọ́ ohùn kan láti yàrá màmá. Mo rò pé wọ́n ti ṣubú ni. Mo sáré débẹ̀, mo bá Kékeré lórí ìkúnlẹ̀, ọmọ ajá tó kéré jù, tí àwọ̀ ẹ̀ dà bíi bọ́tà, tí Kékeré sì sọ ní Bọ́tà, wà lórí itan màmá, màmá sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí mo ti ń wá láti ìgbà tí àrùn ti dé. Mo ti kọrin, mo ti jó, mo ti fi aṣọ wé orí bíi wèrè, wọn ò rẹ́rìn-ín. Ajá tí kò tíì lajú dáadáa ló wá fà á jáde. Kékeré ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wò wọ́n." Mo ní mò ń bọ̀, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo padà sídìí maṣíìnì, mo rán ọwọ́ aṣọ mọ́ ibi ọrùn. Òwú ni mo fi ń ṣiṣẹ́, owú ni mò ń jẹ. Lọ́jọ́ náà náà ni o tún wá dúró tì mí, o ní, "Mo ti ń rò ó, Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní padà mọ́. Màá wáṣẹ́ síbí, ká jọ máa tọ́jú Màmá, kí ẹ̀yin náà lè sinmi." Ẹlòmíì á dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lójú tèmi, bí ẹni pé wọ́n ní kí n dìde lórí àga tí mo ti jókòó títí tó fi gbóná ni.

Ní ìparí òpópónà wa, ajá kan wà tó ń sùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, nínú èérún pákó. Kò ní irun létí, kò ní irun nígbọ̀nwọ́, kò ní iṣẹ́ méjì ju kó máa họ ara lọ. Kúrùnà làwọn ọmọdé ń pè é. Àánú ẹ̀ ṣe Kékeré, ó máa ń gbé oúnjẹ tó ṣẹ́ kù lọ fún un, á gbé e kalẹ̀ lókèèrè, á sì yẹra. Èmi ni káfíńtà kìlọ̀ fún. Ó ní, "Ìyá Télọ̀, ẹ sọ fún àbúrò yín kó má jẹ́ kí eléyìí kan ajá yín o. Ilé tí ò bá kan ilé kì í jó àjóràn." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò sì jẹ́ iṣẹ́ náà fún Kékeré. Mo gbé e sí àyà mi, mo ń tọ́jú ẹ̀.

Ègé aṣọ kì í wọ́n nílé aránṣọ. Mo rán tìmùtìmù méjì fún àwọn ọmọ ajá, ọ̀kan ní ìgbátí búlúù, ọ̀kan ní ìgbátí pupa, kí wọ́n lè máa sùn sórí ọ̀kan nígbà tí ìkejì bá wà nínú omi. Kékeré kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní kó jẹ́ kí èmi máa fọ̀ wọ́n, ṣebí èmi ni mo rán wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ká tìmùtìmù onígbátí pupa sínú apẹ̀rẹ̀, mo gbé e lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, mo tẹ́ ẹ síbi tí Kúrùnà ń sùn. Nígbà tó ti sùn lórí ẹ̀ tó, mo lọ gbé e, mo gbá a mọ́ra bí ẹni gbọ́mọ, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ àwọn ọmọ ajá. Mi ò fẹ́ kí wọ́n kú, ohun tí mò ń sọ fún ara mi nìyẹn. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n burẹ́wà ni. Mo fẹ́ kí màmá wò wọ́n kí wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó sì jẹ́ èmi ni wọ́n máa rí níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara. Etí ni wọ́n kọ́kọ́ họ, lẹ́yìn náà ìgbọ̀nwọ́, lẹ́yìn náà ikùn. Irun bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Kékeré kò lè jẹun mọ́. Ó lọ pe dókítà ẹranko, obìnrin kan tó so awò ojú ẹ̀ mọ́ okùn lọ́rùn, tó jẹ́ pé ajá ló máa ń kọ́kọ́ kí kó tó kí ènìyàn. Kó má di pé ẹnì kan sọ pé obìnrin náà kò mọṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe. Ó fi òòyà ya irun wọn sórí bébà funfun tó lómi, ó ń wá eégbọn àti ìgbẹ́ eégbọn. Kò rí i. Ó béèrè irú oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ, ó gbóòórùn ọṣẹ tí a fi ń wẹ̀ wọ́n. Ó fi iná aláwọ̀ àlùkò tàn wọ́n lára nínú òkùnkùn. Ó fi ẹ̀yìn abẹ fá awọ ara wọn díẹ̀, ó fi í sábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá, kò rí nǹkan kan níbẹ̀ náà. Ó wá mú etí Bọ́tà, ó fi ìka méjì ra á létí létí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Bọ́tà sì bẹ̀rẹ̀ sí í họ afẹ́fẹ́. Dókítà mi orí. Ó gbójú sókè, ó wo àwa méjèèjì, ó ní, "Ara ta ló ń yún nínú ilé yìí?"

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo nǹkan. Ká ní ẹnì kan dáhùn ẹ̀ lóòótọ́, ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ì bá tán. Kékeré ní ara òun kò yún òun, òótọ́ ló sì sọ, torí kò tíì mú un nígbà náà. Dókítà kọjú sí mi. Láti ọjọ́ tí mo ti gbá tìmùtìmù yẹn mọ́ra ni apá mi àti àyà mi ti ń yún mi bí ẹni pé wọ́n da yèrèpè sí i. Aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn ni mo wọ̀. Mo ní, "Ara tèmi kẹ̀? Èmi tí mi ò kì í fọwọ́ kan ajá." Ó ní, "Ìyá, ooru ò mú yín nínú aṣọ yẹn?" Mo ní àgbà ni mo dà, òtútù tètè ń mú mi. Ó gbà fún mi. Ó ní bí ara kò bá ti yún ènìyàn, a jẹ́ pé kì í ṣe kòkòrò tí òun ń rò, ó lè jẹ́ làpálàpá tí kò tíì ràn dé ara wa, ó sì fún wa ní oògùn làpálàpá. Ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà sọ nípa ẹni tó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá. Èmi ni mo gbé ẹ̀tẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ọwọ́ aṣọ.

Mo wá dúró kí màmá kórìíra wọn. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i. Bí irun Bọ́tà ṣe ń jábọ́ tó ni màmá ń fẹ́ ẹ tó. Tí Kékeré bá gbé e dé, wọ́n á fa ọmọ ajá olórí pípá yẹn mọ́ ikùn, wọ́n á fi ọwọ́ òsì máa ra á lẹ́yìn, omi á lé ròrò sójú wọn. Èmi tí mo ní irun lórí, tí mo ní ọṣẹ lára, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo oúnjẹ, kò sẹ́ni tó rí mi. Ṣé ẹ mọ irú owú tí ènìyàn ń jẹ nígbà tó bá ń jowú ajá tó ń ṣàìsàn? Mo jẹ ẹ́.

Dókítà padà wá nígbà tí oògùn kò ṣiṣẹ́. Ó tún fá ara wọn, ní ibi púpọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó jókòó ti awò ẹ̀ títí, ó sì fọwọ́ lu tábìlì. Ó ní, "Mo ti rí ọ, ìwọ ọ̀daràn." Kékeré wò ó, èmi náà wò ó. Kòkòrò roboto kan ni, ẹsẹ̀ ẹ̀ kúkurú, ó ń rákò bíi pé kò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Mo wo alábàáṣe mi lójú. Dókítà ní abẹ́ awọ ara ni ó máa ń gbẹ́lẹ̀ sí, pé ó máa ń fara pamọ́ dáadáa, ìdí nìyẹn tí òun kò fi rí i lákọ̀ọ́kọ́. Ó kán oògùn sí wọn lẹ́yìn ọrùn, ìyá wọn náà, ó ní òun máa padà wá kán òmíì, ó sì ní omi gbígbóná la gbọ́dọ̀ fi máa fọ ohun tí wọ́n ń sùn lé. Ó ní, "Ta ló ń fọ̀ ọ́?" Kékeré ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọlọ́run ló fi wọ́n ta mí lọ́rẹ." Mo wolẹ̀. Irun tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Bíi ti ọmọ tuntun ló rí létí Bọ́tà, màmá fi ìka kan ra á, wọ́n wo Kékeré, wọ́n wo ọmọ ajá, wọ́n ní, "Kékeré," pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo gbé tìmùtìmù onígbátí búlúù lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Tàkọ́kọ́, mo lè sọ pé mi ò mọ bó ṣe máa rí. Tẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, mo mọ̀.

Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n họ ara títí ó fi ń ṣẹ̀jẹ̀, àrùn míì gba ojú egbò wọlé, Bọ́tà kò sì lágbára tó. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni Kékeré gbé e bọ̀ láti sítọ́ọ̀, ó fi aṣọ ìnura wé e, ó kàn nà án sí mi bí ẹni pé kí n bá òun tún un ṣe. Dókítà wá. Ó ní, "Kòkòrò yìí kì í fò. Kì í rìn jìnnà. Ẹnì kan ló ń gbé e wọlé yìí." Ó wò mí. Ó pẹ́ kó tó yí ojú kúrò. Ẹ̀rù bà mí, mo sì sọ ohun tó burú jù tí mo tíì sọ títí dìgbà náà. Mo ní, "Kékeré, ajá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tí ò ń gbé oúnjẹ lọ fún yẹn, ṣé kì í ṣe ara ẹ̀ lo ti ń gbé e bọ̀?" Kékeré gbọ́wọ́ lé orí. Apá tiẹ̀ náà ti ń yún un láti ọjọ́ díẹ̀, ó ti rò pé oògùn tó fi ń wẹ̀ wọ́n ló ń bá òun jà. Ó ní, "Èmi ni. Àánú ni mo ṣe o, Ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo pa á." Mo gbá a mọ́ra, mo ń pàrọwà fún un, mo ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ọwọ́ yìí náà ni.

Dókítà ní ká kó àwọn tó kù kúrò nínú ilé náà lọ síbi tó mọ́. Kékeré ní òun máa kó wọn padà síbi tí òun ti ń ṣiṣẹ́, pé òun ti ba ilé jẹ́ tó, pé òun kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé àbúrò tó fẹ́ wá bá mi gbé ẹrù ìyá wa ń palẹ̀ mọ́. Mò ń bá a ká aṣọ. Inú mi dùn, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní àkókò yẹn kan náà ni mo ń wẹ màmá tí mo rí i. Àwọn kókó pupa kéékèèké wà lọ́rùn ọwọ́ wọn àti lápá, níbi tí Bọ́tà máa ń sùn sí. Ọwọ́ òsì, èyí tó yè. Ọwọ́ ọ̀tún tó yẹ kó họ ọ́ ti kú sórí itan. Wọ́n ń fi apá họ igi àga, wọ́n ń wò mí, wọ́n ní, "Yún. Yún." Ó yé mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò yé mi. Àmọ́ tí mo bá sọ ọ́, wọ́n máa pe dókítà, dókítà á sì ní kí gbogbo ilé ká ọwọ́ aṣọ sókè. Mo fa ọwọ́ aṣọ màmá bò ó. Mo ní, tí Kékeré bá ti lọ, màá wá nǹkan ṣe sí i.

Kékeré, mo ti dé ibi tí mò ń lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí o lọ, o kúnlẹ̀ níwájú àga màmá, báàgì ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Màmá gbé ọwọ́ òsì sókè. Omi wà lójú wọn. Wọ́n ní, "Yún. Yún. Kékeré, yún." O tẹ orí ba, o ní, "Àmín, Màmá. Màá lọ ire, màá bọ̀ ire." Màmá ń mi orí. Wọ́n ní, "Rárá. Rárá. Yún." Wọ́n na ọwọ́ náà sí ọ débi tó lè dé. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó kù fún wọn láyé, wọ́n ná mẹ́ta lórí ẹ lọ́jọ́ náà, wọ́n ń bẹ̀ ọ́ kí o họ ara fún àwọn. O yíjú sí mi. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ ń gbé pẹ̀lú wọn, kí ni wọ́n ń sọ?" Mo ní, "Wọ́n ní rárá, kí o má sunkún mọ́. Àdúrà ni wọ́n ń ṣe fún ọ." O tún ṣe àmín. O fi ẹnu ko ọwọ́ náà, ibi tó ń yún gan-an, o sì jáde. Màmá ń wo ẹnu ọ̀nà títí ìró ọkọ̀ ẹ fi lọ pátápátá, lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí mi. Ìkà tí mo ṣe sí ajá, mo lè rí orúkọ pè é. Èyí tí mo ṣe lọ́jọ́ náà, mi ò tíì rí orúkọ ẹ̀.

Mo lọ sí kẹ́mísì ní ìrọ̀lẹ́, mo gba ìpara, mo fi pa màmá lára láti ọrùn dé ẹsẹ̀, mo fi pa ara mi náà, mo fi omi gbígbóná fọ gbogbo aṣọ ilé. Ó lọ. Kó má di pé ẹ rò pé Ọlọ́run fi àmì sí mi lára, ẹ wo apá mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ kan tí màmá ti sun oorun àsùndọ́kàn, mo ń fa aṣọ bò wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n la ojú, wọ́n wò mí dáadáa, wọ́n ní, "Àgbà." Mo dúró bí igi. Wọ́n tún pè é, "Àgbà," wọ́n sì fi ọwọ́ òsì tó ti jinná kan ojú mi. Ohun tí mo ti ń wá nìyẹn, òun náà ni mo torí ẹ̀ pa ẹran ẹlẹ́ran tí mo sì lé àbúrò mi jáde nílé. Mo rí i gbà. Ọpẹ́ ni wọ́n ń dá, torí pé mo mú ìyà kúrò lára wọn, ìyà tí mo fọwọ́ ara mi gbé wọlé. Ó dùn mọ́ mi díẹ̀, kí n má parọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò tún lè dúró níwájú wọn kí n gbójú sókè mọ́. Rọpárọsẹ̀ náà padà dé kí oṣù tó parí, kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Kékeré, ìwọ kọ́ lo pa Bọ́tà. Oúnjẹ tí ò ń gbé fún ajá yẹn kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. O kò tún sin ajá mọ́ láti ọjọ́ náà, mo sì ti rí ọ tí ò ń sọdá sí òdìkejì títì tí o bá rí ẹran tó ń ṣàìsàn, bí ẹni pé ọwọ́ ẹ ló ní májèlé. Ọwọ́ ẹ mọ́. Káfíńtà ló sọ fún mi pé Kúrùnà dúró lójú ọ̀nà ó ń retí ẹ, kí ó tó kú sínú èérún pákó. Ẹ̀yin ọmọ mi, tí ẹ bá ń jowú ara yín, ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Ìtìjú ẹ̀ kò tó nǹkan. Ká ní mo sọ fún àbúrò mi lọ́jọ́ náà pé, "Ó ń dùn mí pé orúkọ tìẹ ló kù lẹ́nu Màmá," á kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín, á sunkún, á sì gbé Bọ́tà sí mi lórí itan. Mo mọ̀ ọ́n, bó ṣe máa ṣe é nìyẹn.

Mo ti gbọ́ fèrè ọkọ̀ ẹ níta. Mi ò ní ní kí o jókòó sí i, mi ò sì ní ní kí o dárí jì mí kí o tó dé ilé kí o ronú sí i. Mo ti gba àdúrà tí o rò pé o ní, mi ò sì ní òmíràn tí mo lè fi dípò ẹ̀ àfi tèmi, ẹnu mi kò sì mọ́. Ṣùgbọ́n Màmá ò sí mọ́, èmi sì ni Àgbà. Gbé báàgì ẹ. Àyúnlọ, àyúnbọ̀ ni ọwọ́ ń yún ẹnu. Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire. Tí o bá ṣe àmín, màá gbọ́. Tí o kò bá sì ṣe é, màá gbọ́ ìyẹn náà.